Ẹ̀yin Ọkùnrin Ẹgbẹ́ Wa, Ẹ Má Fi Ọ̀rọ̀ Ìtọ̀ Ṣe Àṣírí

  Nínú ìwé wa yìí, ọ̀rọ̀ owó la sábà máa ń bá ara wa sọ: ẹni tó dá àti ẹni tí kò dá, ẹni tó ń yá àti ẹni tó ti san tán. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló sọ pé ìlera loògùn ọrọ̀. Bí ara kò bá dá, ta ni yóò jí lọ sọ́jà? Ta ni yóò san owó tí a yá? Nítorí náà, lóṣù yìí, a fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ lẹ́nu wọn, èyíinì ni ọ̀rọ̀ ìtọ̀, àti ti ẹ̀yà ara kékeré kan tí wọ́n ń pè ní pírósítéètì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà náà, ẹ má sọ pé kò kàn yín. Lóòótọ́ ni pé obìnrin kò ní pírósítéètì. Ṣùgbọ́n ẹ ní ọkọ, ẹ ní bàbá, ẹ ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lọ́kùnrin, ẹ sì bí ọmọkùnrin. Ìyàwó ló sì máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé baálé òun ti ń jí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru.

KÍ LÓ Ń JẸ́ PÍRÓSÍTÉÈTÌ?

Pírósítéètì jẹ́ kókó ẹran kan tí Ọlọ́run fi sí ara ọkùnrin nìkan. Abẹ́ àpò ìtọ̀ gan-an ló wà. Nígbà tí ọkùnrin bá wà lọ́dọ̀ọ́, kò tóbi ju awùsá kan lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pèsè lára omi tó máa ń gbé àtọ̀ jáde. Ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde láti inú àpò ìtọ̀ la àárín kókó yìí kọjá, gẹ́gẹ́ bí òwú ti ń la àárín ìlẹ̀kẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí bí kókó náà bá wú, ọ̀nà ìtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ á fún.

Ohun mẹ́ta ló lè ṣe kókó yìí. Èkíní, ó lè máa tóbi sí i bí ọjọ́ orí ti ń lọ. Èyí kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í yí padà di jẹjẹrẹ. Ó wọ́pọ̀ púpọ̀: nínú ọkùnrin 10 tó wà láàárín ẹni 50 ọdún sí 60 ọdún, ó tó 5 tí kókó yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi lára wọn. Nígbà tí ọkùnrin bá fi máa pé 80 ọdún, ó kù díẹ̀ kí ó kárí. Èkejì, kòkòrò àìsàn lè wọ inú rẹ̀, kí ó fa ibà, òtútù àti ìrora, èyí sì lè mú ọ̀dọ́ pẹ̀lú. Ẹ̀kẹta ni jẹjẹrẹ. Ọ̀nà kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń gbà dí ìtọ̀ lọ́wọ́, nítorí náà ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó tún ṣeé ṣe kí méjì nínú wọn wà lára ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà.

ÀMÌ TÓ YẸ KÍ Ẹ MÁA ṢỌ́

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin máa ń rí àwọn àmì kan, wọ́n á kàn sọ pé, "Ṣebí àgbà ló ti dé." Ẹ jẹ́ kí a kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan:

1. Kí èèyàn dúró láti tọ̀, kí ìtọ̀ má tètè jáde, títí yóò fi máa fi agbára tì í.
2. Kí ìtọ̀ tó ti ń lọ geere tẹ́lẹ̀ di tín-ín-rín, tàbí kí ó máa dá dúró, kí ó tún máa bẹ̀rẹ̀.
3. Kí ìtọ̀ máa kán sí ṣòkòtò lẹ́yìn tí èèyàn ti ṣe tán.
4. Kí èèyàn tọ̀ tán, kí ó sì máa ṣe é bíi pé ó ṣì kù nínú.
5. Kí ó máa jí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóru láti tọ̀, nígbà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.
6. Kí ìtọ̀ máa gbọ̀n ọ́n lójijì, débi pé kò ní lè mú un dúró títí dé ilé ìtọ̀.
7. Kí ó máa ta á tàbí kí ó máa gbóná bí ó bá ń tọ̀.
8. Kí ó rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ tàbí nínú àtọ̀ rẹ̀, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ má fòyà pé jẹjẹrẹ ti dé nìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, kókó tó tóbi lásán ni. Ó sì lè jẹ́ àtọ̀gbẹ, nítorí pé ẹni tí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń tọ̀ léraléra. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa jókòó sílé fọkàn rò ó, kì í sì í ṣe aládùúgbò. Ilé àyẹ̀wò ló máa sọ ọ́.

Ohun méjì kan wà tí kò gba ìdúró rárá. Bí ìtọ̀ bá dí pátápátá, tí abẹ́ ikùn wú, tí ó ń roni, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Wọ́n á ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ojú ọ̀nà ìtọ̀, ìtọ̀ á jáde, ara á sì tu aláìsàn. Ẹ má fún un ní àgbo tó ń múni tọ̀ o. Ọ̀nà ló dí, kì í ṣe pé ìtọ̀ kò sí nínú. Bí ìtọ̀ kò bá rí ọ̀nà jáde, kíndìnrín ni yóò padà sẹ́yìn lọ bá, yóò sì bà á jẹ́. Ìkejì ni kí ìbàdí tàbí ẹ̀yìn máa dun èèyàn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ tàbí kí ó máa kú. Ìyẹn náà, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ bá dókítà.

ÀÌSÀN TÍ KÌ Í KANLẸ̀KÙN

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí wà gan-an la dé yìí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Jẹjẹrẹ pírósítéètì, nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kì í sábà fi àmì kankan hàn. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀gbẹ́ ìta kókó náà ló sábà máa ń ti hù, ibẹ̀ sì jìnnà díẹ̀ sí ojú ọ̀nà ìtọ̀. Ọkùnrin náà á máa tọ̀ geere, á máa jẹ iyán rẹ̀, á máa ru ẹrù lọ́jà, kò ní sí ohun tó ń ṣe é. Bí ó bá jẹ́ ìrora ló ń dúró dè, ìgbà tí ìrora bá fi máa dé, àrùn náà lè ti kúrò níbi tó wà, kí ó ti wọ egungun ìbàdí àti egungun ẹ̀yìn. Òun á pè é ní làkúrègbé, ẹlòmíràn á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n á máa fi oògùn pa á lára, oṣù á máa gorí oṣù. Nígbà tí yóò bá fi dé ilé ìwòsàn, ohun tí dókítà lè ṣe ti kéré. Wọ́n lè dín in kù, wọ́n lè fún un ní ìtura, ṣùgbọ́n àǹfààní láti wò ó sàn pátápátá ti lọ.

Ìyẹn ni àwọn àgbà fi sọ pé igi gànngànràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ẹ wo bí a ti ń ṣe nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Lọ́dọọdún, ọ́dítọ̀ máa ń wá yẹ ìwé owó wa wò. Ṣé nítorí pé akápò jalè ni? Rárá o. Akápò tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í bá ọ́dítọ̀ jà. A ń yẹ ìwé wò nígbà tí gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, kí àṣìṣe kékeré má bàa di gbèsè ńlá tí apá ẹgbẹ́ kò ní ká mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àyẹ̀wò ara rí. Kì í ṣe ẹ̀sùn, kì í sì í ṣe ẹjọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí kò sí nǹkan tó ń dùn ún, òun gan-an ló yẹ kí ó lọ.

TA NI YÓÒ LỌ, NÍGBÀ WO NI YÓÒ SÌ LỌ?

Ohun mẹ́ta ló máa ń mú kí àrùn yìí súnmọ́ ọkùnrin. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ orí. Kò wọ́pọ̀ lára ẹni tí kò tíì pé 40 ọdún, ṣùgbọ́n lẹ́yìn 50 ọdún, ó ń pọ̀ sí i. Ìkejì ni ìdílé. Bí ó bá ti mú bàbá ẹni tàbí ọmọ ìyá ẹni lọ́kùnrin, ewu ti ga nìyẹn. Bí jẹjẹrẹ ọmú bá ti mú ìyá tàbí àwọn ẹ̀gbọ́n lóbìnrin, ẹ sọ fún dókítà pẹ̀lú, nítorí àwọn méjèèjì lè ti orísun kan náà wá nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Ìkẹta ni pé a jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin 1 nínú 8 ni jẹjẹrẹ yìí máa ń mú láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń gbé níbẹ̀, tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sì wà lára wọn, 1 nínú 4 ni. Ní Amẹ́ríkà, bí a bá fi aláwọ̀ dúdú wé aláwọ̀ funfun, ikú tó ń ti ọwọ́ àrùn yìí wá tó ìlọ́po méjì láàárín aláwọ̀ dúdú. Ní Nàìjíríà wa níbí, òun ló wọ́pọ̀ jù lọ nínú gbogbo jẹjẹrẹ tó ń mú ọkùnrin. Ní ọdún 2022, ìṣirò káàkiri àgbáyé fi hàn pé ó mú bí ọkùnrin 1,467,000, ó sì pa bí 397,000.

Ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà dá a lámọ̀ràn pé kí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí àyẹ̀wò yìí láti ìgbà tó bá ti pé 45 ọdún. Ẹni tí ó bá ti mú ju ẹyọ kan lọ nínú àwọn tó bá a tan tímọ́tímọ́, bíi bàbá àti ẹ̀gbọ́n, nígbà tí wọn kò tíì dàgbà púpọ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti 40 ọdún. Ẹ̀yin bàbá tó ti lé ní 70 ọdún, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà yín bóyá ó yẹ kí ẹ ṣe é tàbí kò yẹ, nítorí ní ọjọ́ orí yẹn, ó lè má fi bẹ́ẹ̀ ní èrè. Ṣùgbọ́n bí àmì bá ti wà lára, kò sí ọjọ́ orí tí kò yẹ kí ó lọ.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE ÀYẸ̀WÒ NÁÀ

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ gbà ní apá, ìwọ̀nba díẹ̀. Wọ́n á fi wo èròjà kan tí wọ́n ń pè ní PSA, èyí tí pírósítéètì máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ló ń fi 4 ṣe ààlà, ṣùgbọ́n ẹ má fi iye yẹn nìkan dá ara yín lẹ́jọ́. Bí kókó bá tóbi lásán, PSA lè ga. Bí kòkòrò bá wọ ìtọ̀, PSA á ga. Bí ọkùnrin bá ti bá ìyàwó rẹ̀ sùn, tàbí tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere jìnnà láàárín ọjọ́ 2 ṣáájú, ó lè ga. Nítorí náà, ẹ fi ọjọ́ 2 sílẹ̀ kí ẹ tó lọ. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìtọ́jú àìsàn ìtọ̀, ẹ dúró tó bí ọ̀sẹ̀ 6. Ẹ sì rántí pé jẹjẹrẹ lè wà kí PSA má ga. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ pa ìwé èsì mọ́, kí ẹ lè máa fi tọdún yìí wé tèṣí. Bí iye náà ti ń gòkè lọ́dọọdún máa ń sọ nǹkan tí èsì ẹyọ kan kò lè sọ.

Lẹ́yìn èyí, dókítà lè wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ó fi ìka kan wọ inú ìdí láti fọwọ́ kan kókó náà, kí ó mọ̀ bóyá ó le tàbí ó rí gbágungbàgun. A mọ ohun tí àwọn kan á sọ: "Èmi, kí ẹnì kan ti ìka bọ̀ mí nídìí? Láéláé!" Ẹ gbọ́ ná. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ìyá tó bí wa ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú nọ́ọ̀sì àti dókítà kí a tó dáyé, kò sì sí ẹni tó sọ pé iyì rẹ̀ dín kù. Bí ó bá jẹ́ ìka yìí ló ń dẹ́rù bà yín, ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe ti ẹ̀jẹ̀. Ó sàn ju kí ẹ má lọ rárá.

Wọ́n tún lè yẹ ìtọ̀ wò, kí wọ́n yẹ ṣúgà wò, kí wọ́n sì ya àwòrán àpò ìtọ̀ àti kíndìnrín. Bí nǹkan bá ń kọ wọ́n lóminú, wọ́n á gé ẹran tín-tìn-tín lára kókó náà láti fi ẹ̀rọ wò ó. Èyí nìkan ló lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó yẹ kí wọ́n torí PSA nìkan ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Àwọn dókítà tó mọ̀ nípa ìtọ̀ wà ní ilé ìwòsàn ńláńlá wa, bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, LASUTH ní Ìkẹjà àti èyí tó wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ lè kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín, wọ́n á kọ ìwé fún yín débẹ̀.

ÌTÌJÚ Ń PA ÈÈYÀN

Ẹ má rò pé tálákà àti púrúǹtù nìkan ló ń fi àrùn yìí pamọ́. Lloyd Austin ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di mínísítà ètò ààbò ní Amẹ́ríkà, ọ̀gágun sì ni tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, wọ́n rí jẹjẹrẹ yìí lára rẹ̀ nípasẹ̀ àyẹ̀wò, kò sì tíì gbilẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ọjọ́ 22 oṣù náà. Kò sọ ọ́ síta. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ara rẹ̀ kò yá mọ́, wọ́n sáré gbé e padà sí ilé ìwòsàn nítorí kòkòrò tó wọ ìtọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù náà ni ààrẹ orílẹ̀-èdè wọn tó gbọ́ pé ó wà ní ilé ìwòsàn! Lẹ́yìn náà ó jáde síta, ó tọrọ àforíjì, ó sì jẹ́wọ́ pé ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn òun ni láti fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tí ọmọ ogun bí ìyanrìn wà lábẹ́ rẹ̀, ìtìjú ìtọ̀ mú un. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tó ń ṣe déédéé ló yọ ọ́, nítorí wọ́n tètè rí i.

Ẹ fi èyí wé àwọn méjì tó sọ tiwọn jáde ní gúúsù Áfíríkà. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Desmond Tutu mọ̀ ní ọdún 1997 pé òun ní in. Ó gba ìtọ́jú, ó sì wà láyé títí di ọdún 2021, ẹni 90 ọdún ni nígbà tó lọ. Nelson Mandela náà, ọdún 2001 ni wọ́n rí i lára rẹ̀. Ó gba ìtọ́jú, ó sì lo ọdún 12 sí i kí ó tó papòdà ní 2013 lẹ́ni ọdún 95.

"BÍ WỌ́N BÁ RÍ I ŃKỌ́?"

Ìbéèrè yìí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ sá. Bí ó bá jẹ́ kókó tó tóbi lásán ni, oògùn wà. Tamsulosin máa ń dẹ ọ̀nà ìtọ̀. Ẹni tó ń lò ó kò gbọ́dọ̀ fò dìde lójijì, kí òòyì má bàa kọ́ ọ. Finasteride máa ń mú kókó náà súnkì, ṣùgbọ́n ó lè tó oṣù 6 kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn. Ó sì máa ń dín PSA kù sí bí ìdajì, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ilé àyẹ̀wò bí ẹ bá ń lò ó. Bí oògùn kò bá tó, iṣẹ́ abẹ wà tí wọ́n ń gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ ṣe, láìla ikùn.

Bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, tí wọ́n sì tètè rí i, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gé. Òmíràn máa ń rìn díẹ̀díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà á kàn máa ṣọ́ ọ. Èyí tó bá yẹ kí wọ́n fọwọ́ kàn, wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ tàbí kí wọ́n fi ìtànṣán jó o. Èyí tó bá ti tàn kálẹ̀ náà ní ìtọ́jú. Láti ọdún 1941 ni dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Charles Huggins, ti fi hàn pé èròjà tó ń mú ọkùnrin jẹ́ ọkùnrin ló ń bọ́ jẹjẹrẹ yìí, tí a bá sì dín in kù, àrùn náà á rọlẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1966.

A kò ní parọ́ fún yín. Ìtọ́jú jẹjẹrẹ lè mú kí agbára ọkùnrin dín kù, ó sì lè mú kí ìtọ̀ máa jò fún ìgbà díẹ̀ tàbí kí ó pẹ́. Ẹ bi dókítà léèrè gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, kí ẹ sì mú ìyàwó yín dání. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé bí a bá ṣe tètè rí i tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a lè yàn ṣe pọ̀ tó. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

ÀTỌ̀SÍ, ÀTỌ̀SÍ AJÁ ÀTI ÀWỌN YÒÓKÙ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Àtọ̀sí tí a kò wò tán máa ń dá àpá sínú ọ̀nà ìtọ̀. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, àpá yẹn á fún ọ̀nà náà pa, ìtọ̀ á sì di tín-ín-rín. Ẹni tó bá kó o, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó lo oògùn pé, kí ẹni tí wọ́n jọ ń sùn náà lò ó. Kápúsù méjì-méjì tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀ kò lè ṣe é.

Àtọ̀sí ajá, tó máa ń mú kí ọmọdé tọ ẹ̀jẹ̀, aràn kékeré ló ń fà á. Ìgbín inú omi ló ń gbé e, ó sì ń gba ara wọlé bí a bá wẹ̀ tàbí tí a pẹja nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Àwọn ìletò tó wà ní ẹ̀bá ìsédò Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta, tí wọ́n ṣí ní 1983, mọ àrùn yìí dáadáa. Oògùn praziquantel ń pa aràn náà. Bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè di jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Sìgá náà ń fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀, kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró nìkan ló ń bà jẹ́.

Ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin tó ń jókòó ti ọjà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ má fi òùngbẹ pa ara yín nítorí pé kò sí ilé ìtọ̀ nítòsí. Àìmu omi tó ń jẹ́ kí òkúta dì nínú kíndìnrín. Ẹ mu omi dáadáa lọ́sàn-án, kí ẹ wá dín in kù ní wákàtí 2 tàbí 3 kí ẹ tó sùn.

OÒGÙN ỌJÀ

Àwa ọlọ́jà la mọ ẹnu ọjà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìgò tàbí hóró oògùn wá, tó ní kò ní jẹ́ kí pírósítéètì mú yín láéláé, ẹ rọra. Láti ọdún 2001, wọ́n dán fítámì E àti selenium wò lára ọkùnrin tó ju 35,000 lọ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, bóyá á dènà jẹjẹrẹ yìí. Wọ́n dá a dúró ní 2008 nítorí kò ṣiṣẹ́. Ní 2011, wọ́n tún rí i pé àrùn náà fi ìdá 17 nínú 100 pọ̀ sí i lára àwọn tó ń gbé fítámì E mì ju àwọn tí wọ́n fún ní hóró lásán lọ. Ẹ ò rí i pé a lè fi owó ra ewu?

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn ọ̀fìnkìn bíi Piriton bí ìtọ̀ bá ti ń yọ yín lẹ́nu tẹ́lẹ̀, nítorí ó lè mú kí ó dí pátápátá. Àgbo tí ẹ ń mu, ẹ má fi pa mọ́ fún dókítà, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Ohun tó dájú ni kí èèyàn máa rìn, kí ó má sanra jù, kí ó jáwọ́ nínú sìgá, kí ó sì dín ọtí kù.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹnì kan kì í dá ṣubú. Bí ọmọ ẹgbẹ́ tó yáwó bá dùbúlẹ̀, àwọn onídùúró rẹ̀ ni akọ̀wé yóò yíjú sí. Àìsàn ọkùnrin kan lè kó ọjà ẹni mẹ́ta wọ gbèsè. Nítorí náà, a fẹ́ kí ẹ gbé nǹkan mẹ́rin yìí yẹ̀ wò kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé:

Èkíní, kí ọkùnrin tó ti pé 40 ọdún máa ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù, bí ó ti wù kó kéré mọ, fún àyẹ̀wò ọdún kan. Èkejì, kí ìgbìmọ̀ bá ilé àyẹ̀wò tó ṣeé fọkàn tán dúnàádúrà, kí ọkùnrin 10 tàbí 15 lè jọ lọ lọ́jọ́ kan. Àwa ọlọ́jà mọ̀ pé owó ọ̀pọ̀ yàtọ̀ sí owó ẹyọ. Ẹ̀kẹta, ẹni tó bá ní káàdì ètò ìlera, kí ó béèrè ohun tí káàdì náà máa san. Ẹ̀kẹrin, èsì ẹnì kọ̀ọ̀kan, tirẹ̀ ni. Alága kò gbọ́dọ̀ béèrè, akọ̀wé kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ara bá ń ṣe ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀yáwó lọ́rùn, kí ó tètè wá sọ fún ìgbìmọ̀ kí a lè tún ìlànà sísan rẹ̀ ṣe. Ìtìjú kò san gbèsè rí.

Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ fi ọ̀rọ̀ tútù bá baálé yín sọ ọ́. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ. Ẹ ní, "Bàbá wa, ẹ jẹ́ ká jọ lọ lọ́jọ́rú." Ẹ̀yin ọmọ, ẹ san owó àyẹ̀wò fún bàbá yín lọ́dún tó ń bọ̀, dípò aṣọ ọdún. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ bá àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín sọ̀rọ̀, pàápàá bí àrùn yìí bá ti mú ẹnì kan nínú ìdílé. Ẹni tó bá gbọ́ kó wí fún ẹni tí kò gbọ́.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a jèrè iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí a sì ní ara tí a ó fi jẹ ẹ́. Ó di oṣù tó ń bọ̀ o.